Ọkọ mi kú, gbèsè wà nílẹ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé: ẹ̀yin ìyá oko, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fàrúùkù, Kwali

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò kọ nǹkan kan rí. Ẹ má bínú bí tèmi bá gùn.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni èmi àti ọkọ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti wà ní abúlé kan lẹ́yìn Kwali. Ọ̀kadà ló ń gùn, èmi ń dáko pákí, mo ń yan gàrí tà. Inú òjò ọdún tó kọjá ló kú. Ibà la pè é. Kí a tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, Fàrúùkù tó jẹ́ àgbà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ praimárì karùn-ún ni.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, àbúrò ọkọ mi wá láti ilé. Ó gbé ọ̀kadà, ó gba káàdì ATM àti fóònù, ó ní òun ń bá àwọn ọmọ tọ́jú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, "máa kó ẹrù ẹ bọ̀ nílé" ni gbogbo wọn ń wí. Ọmọ Gbagyi tó ni ilẹ̀ tí mo fi ń dáko ní ọkọ mi lòún bá ṣe àdéhùn, òun kò mọ̀ mí. Mo sì tún jẹ gbọ́múlélántà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ààbọ̀ náírà là ń san lọ́sẹ̀, mo ti jẹ ọ̀sẹ̀ méje. Àwa obìnrin márùn-ún la ṣe onídùúró fún ara wa, àwọn mẹ́rin yòókù ló ń bá mi san án. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, wọ́n wá jókòó síwájú ilé mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn kò bú mi, wọ́n kàn jókòó ni. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Pákí ti gbó lóko. Ẹnìkan ti wá ní kí n ta gbogbo ẹ̀ fún òun bó ṣe wà nínú ilẹ̀, 120,000 náírà, kí n san gbèsè kí n máa lọ. Ó fẹ́ gbọ́ èsì lọ́sẹ̀ yìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ Òkun, Gwagwalada

Má ta pákí yẹn o. Mo wà nídìí agbada, mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Àlàájà Sàbó, Kano

Ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á kẹ́ ẹ, á sì bá ọ wo àwọn ọmọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun lẹ mú.

Abúlé kan lẹ́bàá Bichi ni mo ti di opó. N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. N kò mọ̀wé, gbogbo ẹni tó bá wá sílé ló ń sọ pé ọkọ mi jẹ òun lówó. Ìyá kan tó jẹ́ ará Hausa, aládùúgbò mi, ló fún mi lówùú méjì, pupa àti funfun. Ó ní kí n máa so kókó kan fún ogún náírà kọ̀ọ̀kan. Owó gidi ni ogún náírà nígbà yẹn. Pupa fún ẹni tí mo jẹ, funfun fún ẹni tó jẹ wá. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin so ó. Nígbà tí mo tẹ́ méjèèjì sórí ẹní, òwú funfun gùn ju pupa lọ ní ìwọ̀n apá kan. Ẹkún tí mo ti ń sun láti oṣù méjì, àṣé n kò tíì kà á. Ìwọ tó mọ̀wé, kọ ọ́ sínú ìwé lálẹ́ òní: ta ló jẹ yín, ta lẹ jẹ, ta ló ṣojú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé Mùsùlùmí ni yín, bí mo ṣe rò láti ara orúkọ ọmọ, ogún ní ìlànà. Wọ́n á kọ́kọ́ san gbèsè òkú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tìyàwó nígbà tí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀. Bí ìyá tàbí bàbá ẹ̀ bá wà láyé, wọ́n ní tiwọn. Gbogbo ìyókù, tàwọn ọmọ ni. Òkú tó bá fi ọmọkùnrin sílẹ̀, àbúrò ẹ̀ kò ní ìpín kankan níbẹ̀. Imáàmù Ìṣẹ́yìn tí kò mọ èyí kò sí. Jẹ́ kí imáàmù tọ̀dọ̀ yín pe tọ̀hún, kí ìwọ má bá àbúrò ọkọ ẹ fa ọ̀rọ̀ náà.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nìyàwó fi ń ṣe opó. O ti parí tìẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi opó fà ọ́ wálé mọ́.

Bàbá Mẹ́káníìkì, Zuba

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò bá yín lọ sí apá ibẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ lábúlé ẹlòmíràn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, lásìkò tí ọ̀nà kò dáa báyìí? Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kó ta pákí, kó san gbèsè, kó lọ jókòó ti àwọn èèyàn ẹ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Funtua

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilé wo? Ilé àwọn tó ti gbé ọ̀kadà lọ yẹn?

Ọmọ Òkun, Gwagwalada

Ó dáa, mo ti sọ agbada kalẹ̀.

Àbúrò mi, ní 2022 tí omi Ọya kún ya wọ Lokoja, oko èmi àti ọkọ mi wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀. A ti gbọ́ pé omi ń bọ̀. Ìpayà mú wa, a fi ọjọ́ méjì wú gbogbo pákí, a kó o jọ gegele sẹ́bàá títì. Inú wa ń dùn pé a ti já a gbà lẹ́nu omi. Ẹ̀rọ arinpákí kan ṣoṣo ló wà nítòsí, gbogbo ayé ló sì kó tiwọn débẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, tí mo bá gé pákí sí méjì, màá rí i tí inú ẹ̀ ti ń fa ìlà dúdú bí ìgbà tí tádà kán sínú omi. A kò rí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ yan. Omi kọ́ ló jẹ ẹ́, ìkánjú wa ni.

Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú ilẹ̀, pákí lè dúró dè ọ́ fún oṣù púpọ̀. Bó bá ti jáde báyìí, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní. Ẹni tó fẹ́ rà á nínú ilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fún ẹ ní gbèdéke ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé pákí fẹ́ bàjẹ́. Ojú tó ń tì ẹ́ ló ń rà. Bí o bá ta gbogbo ẹ̀, o ó san 66,500 fún gbọ́múlélántà, ìyókù á lọ sí owó ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn, o ó sì dé ọ̀hún lọ́wọ́ òfo.

Bí èmi ṣe máa ṣe é rèé. Lọ bá àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn fúnra ẹ, kí wọ́n tó tún wá jókòó. Àwọn gan-an lo jẹ, kì í ṣe ọmọ táì tó ń wá gbowó. Ní kí wọ́n wá bá ẹ bó pákí. Ìwọ wú ebè tí ọwọ́ márùn-ún lè bó tán lọ́jọ́ kan, má wú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó bọ́ sí ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ọjà yín: ọjọ́ kìíní ẹ wú u, ẹ bó o, ẹ rin ín, ó wà lábẹ́ òkúta ọjọ́ méjì, ẹ jọ̀ ọ́ ẹ yan án lọ́jọ́ kẹrin, ó dọjà. Nínú gàrí tó bá jáde, wọ́n á mú tiwọn ní mudù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yọ nínú gbèsè. Obìnrin tó bá ti bá ẹ jókòó bó pákí láti àárọ̀ dọ̀sán kò tún lè wá jókòó síwájú ilé ẹ kó má sọ̀rọ̀.

Má da èèpo nù. Sá a, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ máa ń rà á. Igi pákí náà, dì í jọ, fi í sí abẹ́ ìbòòji, òun lo máa gbìn nígbà tí òjò bá bọ́. Ẹni tó bá ra oko lọ́wọ́ ẹ nínú ilẹ̀ á kó igi lọ pẹ̀lú ẹ̀.

Onílẹ̀ kò le. Ìyàwó ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ lọ kí. Àwọn obìnrin Gbagyi mọ iṣẹ́ oko, wọn kì í fojú di obìnrin tó bá ń ṣe é. Èmi tó ń sọ̀rọ̀ yìí, obìnrin Gbagyi kan tó ń ru igi sí èjìká ló kọ́kọ́ fún mi ní ilẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Gwagwalada, a kò sì gbédè ara wa dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ síwájú màì-ángúwà, olórí àdúgbò. Kí wọ́n kọ orúkọ ÌWỌ sínú ìwé, kì í ṣe ìyàwó lágbájá.

Ládùn, Nyanya

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kì í ṣe lọ́yà fúnra mi, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń rí irú ẹjọ́ yìí.

Kwali wà lára Abuja, òfin VAPP ti 2015, èyí tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, sì múlẹ̀ níbẹ̀. Lílé ìyàwó jáde nílé àti fífi ìyà jẹ opó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹ̀. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ló ń bójú tó o ní Abuja. Bí agbára lọ́yà kò bá sí, Legal Aid Council ti ìjọba àti FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, máa ń ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ káàdì ATM: bí èèyàn bá ti kú, kò sí ẹni tí òfin gbà láàyè láti máa fi káàdì ẹ̀ gbowó, ìbáà jẹ́ ìyàwó, ìbáà jẹ́ àbúrò. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ National Population Commission, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí báńkì, kí wọ́n ti àkáǹtì náà. Láti gba owó inú ẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ láti kóòtù gíga ni wọ́n máa béèrè. Àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ẹni tí wọ́n kọ sí next of kin ló ni ogún. Rárá o. Ẹni tí wọ́n máa pè ni, kì í ṣe ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá sì jẹ́ pé àṣà Yorùbá lásán lẹ fẹ́ tẹ̀ lé, ìyàwó kì í jogún ọkọ, ọmọ ló ń jogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nítorí náà ẹ má sọ pé "mo fẹ́ ọ̀kadà mi". Ẹ sọ pé "ọ̀kadà Fàrúùkù àti àwọn àbúrò ẹ̀".

Àlàájà Sàbó, Kano

Ọmọ yìí sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi kóòtù ṣe ìkẹyìn. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Fàrúùkù á tún nílò àwọn bàbá ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Bí o bá rí adashi obìnrin níbẹ̀, wọ̀ ọ́, èésú wa náà ni. Àmọ́ má bá wọn du ipò àkọ́kọ́ o. Gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ kọ́kọ́ kó o, owó á dé nígbà tí kò sí iṣẹ́ tó ń dúró dè é, wọ́n á fi ra aṣọ. Wo ìgbà tí ìnáwó ẹ máa ń dé. Tìẹ, bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, o nílò ẹni tó máa kọ ebè; nígbà tí sùkúù bá wọlé ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, o nílò owó ìwé. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kó o bẹ̀ wọ́n fún. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi gba tèmi ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀.

Onísòwò Òrí, Kaiama

Mo kí yín o. Ohun tí Ọmọ Òkun sọ nípa ìkánjú ni mo fẹ́ gbè lẹ́sẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, èso òrí la fi ń jẹun. Nígbà òjò ni ó máa ń já bọ́. Àfẹ̀mọ́jú la ti ń jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, igi la fi ń kọ́kọ́ tú koríko wò nítorí ejò. Ọdún tí ọkọ mi kó lọ bá obìnrin mìíràn, kóró ni mò ń tà. Bí mo bá ti sá a gbẹ báyìí, alágbàtà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, iye tó bá sọ ni mò ń gbà nítorí pé ọmọ ń sunkún. Ìyá mi àgbà ló wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "O ń ta òjò kó tó rọ̀."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í po òrí fúnra mi nìyẹn. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní tàn yín. O ó bọ kóró, o ó sá a, o ó pa á, o ó yan án, o ó lọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà lo máa pò ó nínú omi, ọwọ́ á wọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Dúdú ló máa ń wà bí ẹrẹ̀. O ó pò ó títí èjìká á fi fẹ́ yọ, o ó máa rò pé tòní ti bàjẹ́. Lójijì ló máa yí padà mọ́ ẹ lọ́wọ́, á funfun, á fúyẹ́, á léfòó. Títí dòní, bó bá ti funfun báyìí mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Òrí tí mo bá sè dáadáa lè wà nínú igbá di ọdún tó ń bọ̀. Bí alágbàtà bá dé, màá ní kó lọ kó padà wá. Ní oṣù Ògún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kóró òrí lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, àwọn alágbàtà tó ń ra kóró lágbègbè wa dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń ta kóró kò mọ ibi tí wọ́n máa yíjú sí. Èmi ń po tèmi.

Àbúrò, yan gàrí ẹ kó gbẹ dáadáa. Gàrí tó gbẹ kì í bẹ oníbàárà.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Funtua

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, mi ò tíì sọ ọ́ níbí rí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà oyún àkọ́kọ́. Mo rọbí ọjọ́ mẹ́ta nílé, ọmọ náà kò yè. Láti ọjọ́ yẹn ìtọ̀ kò dúró lára mi mọ́. Tọ̀sán-tòru ló ń dà. Wọ́n ní àwọn kan ló ṣe mí. Ọkọ mi dá mi padà. Ọdún mẹ́ta ni n kò fi jókòó lórí àga ẹnikẹ́ni. Nítorí òórùn, mo máa ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, owó ọṣẹ sì wọ́n mi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í se ọṣẹ dúdú fúnra mi. Ibi tí orúkọ yìí ti wá nìyẹn.

Obìnrin kan tó wá ra ọṣẹ ló rí aṣọ tí mo sá, ó wò mí, ó ní, "Èmi náà ṣe é rí." Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Ó mú mi lọ sí ọsibítù Babbar Ruga ní Katsina, níbi tí wọ́n ti ń tún irú ẹ̀ ṣe. Wọn kò gba owó iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀ lára mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi kan ní ìta, mo dìde, mo wo bẹ́ǹṣì náà. Gbígbẹ ni. Mo tún jókòó.

Ìyá Fàrúùkù, nǹkan tìẹ yàtọ̀ sí tèmi. Ṣùgbọ́n o ní àwọn obìnrin yẹn jókòó síwájú ilé, ojú tì ẹ́. Ta lo tún sọ fún lẹ́yìn àwa tá ò rí ẹ yìí? Sọ ọ́ fún ẹnìkan tó ń rí ẹ lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́ta tí mo fi pa ẹnu mọ́, Katsina kò jìnnà ju bó ṣe wà lọ.

Bàbá Mẹ́káníìkì, Zuba

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ forí jì mí, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Tìyá ọlọ́ṣẹ yẹn mú mi dákẹ́.

Kí n fi ọ̀kan yìí kún un nítorí Kwali tí ẹ ń dárúkọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ogún náírà, bí ẹ bá ṣì rí i gbà ní ṣéńjì. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Ládì Kwali ni, ọmọ Gbagyi láti Kwali yín. Ọwọ́ àbúrò òbí ẹ̀ kan ló ti kọ́ ọ ní kékeré. Ní 1954 ló wọ ilé ìkòkò tí òyìnbó Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja, Abuja ni wọ́n sì ń pe Suleja nígbà yẹn. Akéekèé àti aláǹgbá tí wọ́n ń yà sára ìkòkò lábúlé, kò fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977.

Ọmọ Òkun, Gwagwalada

Bàbá, ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sórí gbèsè.

Alábòójútó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà àkáǹtì síbí o. Ìyá Fàrúùkù, bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ yá yín lówó, ẹ jẹ́ kí a mọ̀.

Ìyá Fàrúùkù, Kwali

*Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà*

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo ń ka èsì yín lálaalẹ́, iná ni kò jẹ́ kí n lè dáhùn.

N kò ta pákí. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé Fàrúùkù bí Àlàájà ṣe wí. Àwọn oníbàárà ọkọ mi tó ń gùn ún ní àwìn jẹ wá ní 38,000, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti rí 15,000 gbà níbẹ̀.

Mo lọ bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta gbà, ìkẹrin ní owó lòún fẹ́ kì í ṣe gàrí. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí àwọn yòókù lọ́jọ́ tí a ń bó o, ó mú ọ̀bẹ ẹ̀ wá. A ti yan ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú méje. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá Benue, ni mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún nídìí ìbó. Òun ni ó wá ń sùn tì wá báyìí bí ilẹ̀ bá ṣú jù.

Ìyàwó onílẹ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó mú mi dé ọ̀dọ̀ màì-ángúwà fúnra ẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi, onílẹ̀ tẹ̀ka, èmi náà tẹ̀ka, ọdún méjì.

Imáàmù ti bá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Wọ́n ti dá fóònù àti káàdì padà nípasẹ̀ awakọ̀ kan. N kò tíì dé báńkì, ìwé ẹ̀rí ikú ni mò ń dúró dè. Ọ̀kadà ṣì wà lọ́hùn-ún. Àbúrò ọkọ mi ní kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, òun ń tún un ṣe kó tó wá. Bàbá ọkọ mi ló pè mí lánàá, ó ní kó tó di ìparí oṣù, òun á fi sórí ọkọ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n gbà á gbọ́.

Bàbá Mẹ́káníìkì, Zuba

Ìgbàkígbà tó bá dé, ẹ gbé e wá sí Zuba. N kò ní gba owó iṣẹ́. Bí kò bá sì dé, ẹ fi nọ́ńbà Bàbá Ìṣẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí àgbà bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Funtua

Mò ń bọ̀ ní Abuja ní Sátidé tó ń bọ̀, màá yà sí Kwali. Mudù mélòó ló kù nílẹ̀?

Ìyá Fàrúùkù, Kwali

Mọ́kàndínlógún ni, mà. Lẹ́búlẹ́bú ni, kò kan jù. Ẹ mú ọṣẹ dání.